Bọ́ọ̀lù Tí Ọmọ Mi Kò Lè Hán

Bí ọmọ yín bá ń lọ sí ilé-ìwé ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ṣeé ṣe kí irú lẹ́tà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ti wọlé yín rí, tàbí kó ṣì máa bọ̀. Tiwa wọlé ní oṣù kejì ọdún, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí òjò ń rọ̀ ní Belvedere. Orí àkọ́bí mi obìnrin ni wọ́n kọ ọ́ lé, ọmọ ọdún mẹ́wàá tó wà ní Year 6. Wọ́n ti wọn gíga rẹ̀ àti ìwọ̀n ara rẹ̀ ní ilé-ìwé, wọ́n sì ṣírò rẹ̀. Ìṣirò náà sọ pé ó sanra ju bó ṣe yẹ lọ fún ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀.

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú lẹ́tà náà lọ́wọ́. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí màmá mi, tí wọ́n ń gbé pẹ̀lú wa, fi gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n kà á tán, wọ́n bọ́ awò ojú wọn. "Ta ló sanra? Ọmọ tó ń jẹun tó ń yó? Ṣé kó gbẹ bí igi ìdáná ni wọ́n fẹ́?" Wọ́n ká lẹ́tà náà, wọ́n fi í sábẹ́ àwo èso lórí tábìlì. Lójú tiwọn, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Lójú tèmi, kò parí. Iṣẹ́ sọ́fítíwíà ni mò ń ṣe. Bí àmì pupa bá yọ lójú kọ̀ǹpútà mi, mi ò lè sùn títí n ó fi mọ ibi tó ti wá. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ṣí spreadsheet kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í to gbogbo ohun tí ọmọ náà ń jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ sínú rẹ̀. Mo kọ dòdò, mo kọ jọ̀lọ́ọ̀fù, mo kọ bísíkíìtì tí màmá mi máa ń kì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ tó bá ti ilé-ìwé dé. Ìyàwó mi dé láti ibi iṣẹ́, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo ojú mi. Ó ní, "Tí o bá gbé òṣùwọ̀n wọ inú ilé yìí, èmi àti ẹ máa jà o." Òun ló rán mi létí pé mi ò tíì bi ọmọ náà léèrè ohunkóhun.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ètò tó bí lẹ́tà yìí ni wọ́n ń pè ní National Child Measurement Programme. Láti ọdún ilé-ìwé 2005 sí 2006 ni wọ́n ti ń ṣe é káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń wọn ọmọ: ní Reception, nígbà tó bá wà láàárín ọdún mẹ́rin sí márùn-ún, àti ní Year 6, nígbà tó bá wà láàárín ọdún mẹ́wàá sí mọ́kànlá. Ní ọdún ilé-ìwé 2022 sí 2023, nínú 100 ọmọ tó wà ní Reception, bíi 9 ni ìwọ̀n wọn dé ìpele tí àwọn dókítà ń pè ní obesity. Ní Year 6, ó ti di bíi 23. Ẹ wò ó dáadáa: láàárín ìgbà tí ọmọ wọ primary àti ìgbà tó fẹ́ jáde, iye náà ju ìlọ́po méjì lọ. Àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú sì ni iye tiwọn máa ń ga jù. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ wa ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ará ibòmíràn.

Òótọ́ ni pé òṣùwọ̀n náà ní àbùkù tiẹ̀. BMI ni wọ́n ń lò: wọ́n á mú ìwọ̀n ara ní kílò, wọ́n á fi gíga ní mítà pín in lẹ́ẹ̀mejì. Ará Belgium kan tó ń jẹ́ Adolphe Quetelet ló gbé ìṣirò yìí kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1830 sí 1840. Oníṣirò ni, kì í ṣe dókítà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlera ọmọ kékeré ló gbé e dé ìdí rẹ̀. Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí ní St George's, University of London, tẹ iṣẹ́ kan jáde tó fi hàn pé BMI máa ń jẹ́ kí ọ̀rá ara àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ní orílẹ̀-èdè yìí dà bíi pé ó pọ̀ ju bó ṣe wà lọ, bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń jẹ́ kí ti àwọn ọmọ tí orírun wọn jẹ́ Gúúsù Éṣíà dà bíi pé ó kéré. Nígbà tí mo ka ìyẹn, inú mi dùn. Mo rò pé mo ti rí ohun tí n ó fi da lẹ́tà náà nù, bí màmá mi ṣe fi í sábẹ́ àwo èso.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, mo rí àpò PE ọmọ mi lẹ́yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ. Kò bọ́ síbẹ̀. Ẹnì kan ló kì í bọ̀ ọ́. Nígbà tó dé, mo bi í pé kí ló wọ̀ ṣe PE. Ó ní inú ń run òun, wọ́n ní kí òun jókòó. Mo ní, "Inú run ẹ́ ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá náà, àbí?" Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún mi pé òun kì í ṣe irú ọmọ tó ń ṣe eré ìdárayá. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàròyé rárá. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ àdírẹ́sì ilé rẹ̀.

Mo bi í pé láti ìgbà wo. Ó ní láti Year 3. Wọ́n ní kí wọ́n máa ju bọ́ọ̀lù sí ara wọn lọ́jọ́ kan, bọ́ọ̀lù náà yọ láàárín ọwọ́ rẹ̀, ó bà á nímú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ń pín ara wọn sí ọ̀nà méjì, òun ni wọ́n ń mú kẹ́yìn. Ó wá wò mí lójú. Ó ti ka lẹ́tà náà. Abẹ́ àwo èso kì í ṣe ibi ìpamọ́ nínú ilé tí ọmọ wà. Ó ní, "Dádì, ṣé torí pé mo sanra ni mi ò ṣe lè ṣe é?"

Mi ò mọ èsì tí mo lè fún un. Mo ní ká jẹun ná.

Ṣùgbọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì lóru ọjọ́ náà, mo ṣírò rẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni ní Year 3. Wọ́n ti wọ̀n ọ́n ní Reception, lẹ́tà ìgbà náà sì sọ pé ìwọ̀n rẹ̀ dára. Bọ́ọ̀lù tí kò lè mú ló kọ́kọ́ dé. Ọdún mẹ́ta tó fi ń wá ibi jókòó sí ló tẹ̀lé e. Lẹ́tà ìwọ̀n ara ló dé kẹ́yìn. Èmi ti gbájú mọ́ oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ibi tí nǹkan ti kọ́kọ́ bàjẹ́ kì í ṣe inú ìkòkò.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lórí ọkọ̀ ojú irin. Tí mo bá wọ ọkọ̀ ní Belvedere, tí mo sì bọ́ sí Elizabeth line ní Abbey Wood, mo máa ń ní nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú tí ẹnikẹ́ni ò ní pè mí. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé iṣẹ́ David Stodden àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2008. Ohun tí wọ́n sọ, ní èdè tiwa, kò le. Nígbà tí ọmọ ṣì kéré, eré tó ń sá kiri ló ń kọ́ ọ bí yóò ṣe lo ara rẹ̀. Nígbà tó bá dàgbà díẹ̀, ọ̀rọ̀ á yí padà: bó ṣe mọ ara rẹ̀ lò tó ló máa ń pinnu bí yóò ṣe ṣeré tó. Ohun kan sì dúró láàárín méjèèjì, òun ni ohun tí ọmọ fúnra rẹ̀ gbà gbọ́ pé òun lè ṣe. Ọmọ tó bá gbà pé òun mọ̀ ọ́n á jáde lọ ṣeré, á sì mọ̀ ọ́n sí i. Ọmọ tó bá gbà pé òun ò mọ̀ ọ́n á jókòó, kò ní mọ̀ ọ́n, ara rẹ̀ á sì máa wúwo sí i. Ara tó wúwo náà á tún mú kí eré nira fún un, á sì tún jókòó. Bí ó ṣe máa ń yí nìyẹn, bóyá sókè, bóyá sísàlẹ̀.

Mo tún kà nípa Susan Harter àti Robin Pike, tí wọ́n ṣe àwòrán kan ní ọdún 1984 láti fi mọ ohun tí ọmọdé rò nípa ara rẹ̀. Wọ́n á fi àwòrán ọmọ méjì han ọmọ kan. Ọ̀kan mọ nǹkan ṣe, èkejì ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Wọ́n á ní, "Èwo ló jọ ẹ́ nínú àwọn méjèèjì?" Èmi náà bá mú bírò, mo ya tèmi sórí bébà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwòrán mi ò dára. Mo kọ́kọ́ fi han àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún márùn-ún. Ó ní òun ni ọmọ tó ń sáré jù, òun ni ọmọ tó ń fò jù, òun ni ọmọ tó ń gun kẹ̀kẹ́ láì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yìí ò tíì mọ kẹ̀kẹ́ gùn rárá. Mo wá fi han ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò pẹ́ kó tó dáhùn. Gbogbo rẹ̀ pátá, ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n ló nàka sí, títí kan eré sísá, tí mo mọ̀ dájú pé kò burú nínú rẹ̀.

Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́: bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Àwọn olùwádìí náà rí i bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje máa ń fi ara rẹ̀ sípò tó ga ju bó ṣe mọ nǹkan ṣe lọ, ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí ìyẹn ló ń jẹ́ kó dìde nígbà tó bá ṣubú. Lẹ́yìn ìgbà náà ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara rẹ̀ wé ẹgbẹ́. Ọmọkùnrin mi ṣì ń wo iwájú. Ọmọbìnrin mi ti ń wo ẹ̀yìn láti mọ ẹni tó rí òun.

Ní Ọsirélíà, Lisa Barnett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé àwọn ọmọ primary kan ní New South Wales títí wọ́n fi di ọ̀dọ́. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009 fi hàn pé àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù jù, tí wọ́n mọ̀ ọ́n mú, tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n gbá nígbà tí wọ́n kéré, ló ṣeé ṣe jù pé kí wọ́n ṣì máa ṣe eré ìdárayá nígbà tí wọ́n dàgbà. Mo ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Mo wá bi ara mi pé ta ló yẹ kó kọ́ ọmọ mi ní bọ́ọ̀lù mímú.

Ẹ má rẹ́rìn-ín mi o. Mo rò pé ọmọ kan máa ń mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀ ni, bí eyín ṣe ń hù. Flat kan ní Thamesmead ni mo dàgbà sí. Iṣẹ́ alẹ́ ni àwọn òbí mi ń ṣe. Òfin ilé wa ò ju mẹ́ta lọ: ti ilẹ̀kùn, má jáde, ka ìwé rẹ. Wọn ò ṣe é torí ìkà. Ẹ̀rù ìta ló ń bà wọ́n, wọn ò sì sí nílé láti máa ṣọ́ wa. Mo mọ ìwé. Ẹnikẹ́ni ò bá mi ju bọ́ọ̀lù rí. Èmi náà sì tọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe tọ́ mi.

Bẹ́ẹ̀ ilé tí màmá mi ti wá ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bí àwọn ìyá wa ṣe ń wẹ ọmọ ìkókó: wọ́n á fọwọ́ ra á lára, wọ́n á na apá rẹ̀, wọ́n á na ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á jù ú sókè, wọ́n á fi ọwọ́ gbà á. Wọ́n á gbé e jókòó, wọ́n á mú un dúró, wọ́n á pọ̀n ọ́n sẹ́yìn tó fi máa gba ara rẹ̀ mú. Ẹ̀kọ́ ni gbogbo ìyẹn. Ní Kẹ́ńyà, Charles Super ṣe ìwádìí láàárín àwọn Kipsigis, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1976. Ó rí i pé àwọn ọmọ ibẹ̀ tètè ń jókòó, wọ́n sì tètè ń rìn, torí pé àwọn ìyá wọn dìídì ń kọ́ wọn ní jíjókòó àti rírìn. Ohun tí àwọn ìyá ò kọ́ wọn, irú bíi rírá, kò yá ju ti àwọn ọmọ ibòmíràn lọ. Ohun tí a bá fi kọ́ ara ni ara ń mọ̀. Àwa tí a wà níbí, a máa ń kọ́ ọmọ títí yóò fi rìn, lẹ́yìn náà a máa ń fi fóònù lé e lọ́wọ́.

Nígbà tí ó yé mi báyìí ni mo tó lè dá ọmọ mi lóhùn. Mo pè é jókòó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo ní, "Ìbéèrè tí o bi mí lọ́jọ́sí. Rárá, kì í ṣe torí pé o sanra. Torí pé a ò kọ́ ẹ ni. Èmi ni mi ò kọ́ ẹ, kì í ṣe ara rẹ ló jẹ̀bi." Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ṣé ìwọ mọ̀ ọ́n?" Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó rẹ́rìn-ín ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun kan nípa ara mi níbí, torí pé òun ló jẹ́ kí n mọ ohun tó ń ṣe é. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, àlejò kún ilé wa ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kan. Wọ́n ní kí n kí wọn ní Yorùbá. Mo kí wọn, ohùn mi gbé ọ̀rọ̀ náà gba ibi tí kò yẹ, gbogbo pálọ̀ sì bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí mi kan pè mí wá kí n tún un sọ kí àwọn tó wà ní kíṣìnì náà lè gbọ́. Ẹ̀rín ìfẹ́ ni o, mo mọ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n mi ò la ẹnu sọ Yorùbá mọ́ fún ogún ọdún. Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí, mo máa ń ní mò ń gbọ́ ọ, mi ò kàn lè sọ ọ́ ni. Mo ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ àdírẹ́sì ilé rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bí ọmọ yìí, tó di ọmọ ọdún méjì, ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ fúnra mi, ní ìkọ̀kọ̀, pẹ̀lú ìwé àti ohùn tí mò ń gbà sórí fóònù. Ẹni tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni bàbá télọ̀ kan ní Woolwich. Mo kí wọn, mo ṣi í sọ, wọ́n dá mi lóhùn bíi pé ẹnu mi ò ní nǹkan kan. Wọ́n wọn apá mi, wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀ òjò. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé mo lè sọ ọ́. Wọn ò yìn mí. Wọn ò kàn rẹ́rìn-ín ni. Ohun tí ọmọ mi nílò nìyẹn: ibi tó ti lè ṣì í ṣe tí ẹnikẹ́ni ò ní wò ó.

Nítorí náà, a bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Frank's Park ní aago méje àbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí kò sí ẹni níbẹ̀ ju àwọn tó ń rìn pẹ̀lú ajá lọ. Òtútù mú wa débi pé èémí wa ń rú bí èéfín. A ò fi bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀. Síkáàfù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti ìyàwó mi la fi bẹ̀rẹ̀, torí pé jẹ́jẹ́ ló ń já bọ̀, ojú sì lè tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, a bọ́ sórí bọ́ọ̀lù ńlá tó rọ̀, tí kò lè dun èèyàn nímú. Mo ti lọ kà á: ojú ni kó wà lára bọ́ọ̀lù, kì í ṣe lára ẹni tó ń jù ú, kí ọwọ́ jáde lọ pàdé rẹ̀, kí ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ nígbà tó bá dé. Tí èèyàn bá fẹ́ fi ọwọ́ ọ̀tún jù ú, ẹsẹ̀ òsì ni kó gbé síwájú. Èmi náà ń kọ́ ọ. Ó bọ́ lọ́wọ́ mi ju bó ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ, mo sì rò pé ìyẹn ràn án lọ́wọ́ ju gbogbo ọ̀rọ̀ mi lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, màmá mi ní àwọn fẹ́ bá wa lọ. Mo ti ń wá bí mo ṣe máa sọ fún wọn pé kí wọ́n má pe ọmọ náà ní "rìbìtì mi" mọ́. Ẹ mọ̀ pé ọmọ kì í bá ìyá rẹ̀ wí. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe ten-ten nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọdé?" Wọ́n wò mí bíi pé orí mi ò pé. Wọ́n gbé báàgì wọn fún mi, wọ́n ká ìró wọn sókè díẹ̀, wọ́n kọjú sí ọmọ-ọmọ wọn, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n fò, wọ́n na ẹsẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin! Àkọ́bí mi dúró, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Láàárín ìdajì wákàtí, ó ti ń na ẹsẹ̀ tiẹ̀ lásìkò, wọ́n sì ti ń jiyàn lórí ẹni tó ń borí.

Nígbà tí a padà sórí bọ́ọ̀lù, màmá mi ń pariwo lẹ́yìn wa pé, "Hán an! Hán an!" Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí. Mo ní kí ni wọ́n ń pè ní hán. Wọ́n ní, "Kí wọ́n ju nǹkan sí ẹ, kó o mú un lófurufú kó tó balẹ̀. Ṣé o ò mọ̀ ọ́n ni?" Mo kọ ọ́ sínú fóònù mi níbẹ̀. Ilé wa ti ní ọ̀rọ̀ náà láti ọjọ́ yìí wá; ohun tí kò sí nílé wa ni ẹni tó ń ju nǹkan.

Màmá mi náà jáwọ́ nínú "rìbìtì mi" láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Wọ́n ti ń pè é ní "Ẹsẹ̀-yá-nílẹ̀" báyìí. Oúnjẹ ilé wa yí padà díẹ̀: bísíkíìtì dínkù, ẹ̀fọ́ pọ̀ sí i, gbogbo wa la sì jọ ń jẹ ẹ́, kì í ṣe òun nìkan. Spreadsheet mi, mo ti pa á rẹ́. A ò wọn ọmọ náà láti ìgbà tí lẹ́tà dé. Bóyá ìwọ̀n rẹ̀ ti yí padà, bóyá kò tíì yí. Ọjọ́ kan á wà tí a ó bá dókítà sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo ṣì fi lẹ́tà náà pamọ́, torí pé kò parọ́. Ó kàn jẹ́ pé ìparí ìtàn ló sọ, kò sọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ní oṣù kẹfà, ilé-ìwé bẹ̀rẹ̀ rounders. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, mo rí àpò PE lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà rẹ̀. Mi ò sọ nǹkan kan. Lálẹ́, bí a ṣe ń jẹun, ó ní bọ́ọ̀lù mẹ́ta ló wá sọ́dọ̀ òun. Méjì bọ́ sílẹ̀. Ọ̀kan, òun hán an. Ní Yorùbá ló sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, láàárín Gẹ̀ẹ́sì, bíi pé ibẹ̀ ló ti máa ń wà. Màmá mi ju ọwọ́ sókè. Mo bi í pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ńkọ́ nígbà tí méjì bọ́. Ó gbé èjìká sókè. Ó ní òun ò wo ẹ̀yìn.

Ẹ̀yin òbí, àwọn àgbà dókítà ìjọba orílẹ̀-èdè yìí sọ ní 2019 pé ó yẹ kí ọmọ ọdún márùn-ún sí méjìdínlógún máa lo ara rẹ̀ fún ìwọ̀n 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́, tí a bá pín in káàkiri ọ̀sẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ní kí ọmọ yín jáde lọ ṣeré, ẹ kọ́kọ́ wo bóyá ó mọ ohun tó fẹ́ lọ ṣe. Ẹ ju nǹkan sí i, ẹ wo ojú rẹ̀. Tó bá di ojú, ẹ ti mọ ibi tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá sì rí i pé bọ́tìnnì, pẹ́ńsù àti àtẹ̀gùn náà ń nira fún un ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ lọ bá GP yín. Ó lè jẹ́ ohun tí wọ́n ń pè ní dyspraxia, ìrànlọ́wọ́ sì wà fún un. Kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ní Àbámẹ́ta yìí, ọmọ mi ní ká mú bọ́ọ̀lù kékeré lọ, èyí tí wọ́n fi ń gbá tẹ́nísì. Ẹ̀rù ń bà mí fún imú ara mi. Ṣùgbọ́n a máa lọ.